Abẹ́rẹ́ Inú Gééjì Bátìrì, àti Ohun Tí Mo Fi Kan Bọ̀dá Bùráímọ̀

Ilé wa, Ẹdẹ,
Ọjọ́ Sátidé.

Ládiípọ̀ ọmọ mi, Àjàní,

Ìwé rẹ tẹ̀ wá lọ́wọ́ láàárọ̀ Ọjọ́rú. Ìyá rẹ ló gbà á lọ́wọ́ awakọ̀ tó mú un wá láti Ìlọrin, ó sì ti ń jó kí n tó rí awò ojú mi. A gbọ́ pé wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́ awakọ̀ ní ọ́fíìsì àwọn àgbẹ̀, pé wọ́n sì ti fa píkọ́ọ̀pù tuntun lé ọ lọ́wọ́. Ọlọ́run tó ṣe é, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ ti sọ fún gbogbo àdúgbò. Mo rò pé ó ti sọ fún àwọn kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ìbéèrè tí o kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà ló wá dà mí lórí rú. O ní kò sí gééjì bátìrì nínú píkọ́ọ̀pù tuntun yìí, irú èyí tí o máa ń rí nínú mọ́tò tí mo ń wà nígbà tí o wà ní kékeré. O ní iná pupa kékeré kan ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, pé báwo ni wàá ṣe máa mọ̀ bóyá agbára bátìrì pé tàbí kò pé. Ọmọ mi, n kò mọ̀. Mo ti ń rò ó láti Ọjọ́rú. Mo kọ ìwé kan lánàá, mo fà á ya, nítorí nígbà tí mo kà á padà, ohun tí mo kọ kò yé èmi fúnra mi. Ìyá rẹ ní kí n kọ èyí tí mo mọ̀, kí n sì sọ pé n kò mọ èyí tí n kò mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ nìyí. Ó máa gùn. Má kà á nígbà tí o bá ń wakọ̀.

Ó ní nǹkan kan nípa gééjì ìgbà yẹn tí n kò sọ fún ọ rí. N kò sọ ọ́ fún ìyá rẹ tán pàápàá. Iṣẹ́ tí o bẹ̀rẹ̀ yìí ló jẹ́ kí n rí i pé ó yẹ kí o gbọ́ ọ.

O rántí pé lọ́rì ńlá ni mo kọ́kọ́ ń wà. Lọ́rì yẹn kò ní gééjì kan tó ń ṣiṣẹ́. Irin la fi ń yí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láti iwájú, bó bá dáhùn, ó dáhùn. Nígbà tí mo lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún, tí ìwọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé, Alàgbà Ọ̀jẹ́wálé tó ń ra kòkó mú mi síṣẹ́. Ó ra píkọ́ọ̀pù tuntun, ó sì bi mí lójú àwọn àgbà ìjọ pé, “Jòsáyà, ṣé o mọ mọ́tò yìí dáadáa?”

Mo ní, “Bó ṣe wà yìí, sà, kò sí ibi tí n kò mọ̀ lára rẹ̀.”

Irọ́ ni. N kò mọ̀ ju bí wọ́n ṣe ń wà á lọ. Nínú àwọn gééjì tó wà níwájú mi, ọ̀kan wà tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró sáàárín, tó lè lọ sí òsì, tó sì lè lọ sí ọ̀tún. N kò mọ ohun tó wà fún. N kò sì lè béèrè mọ́, nítorí mo ti sọ pé mo mọ̀.

Èyí ni àkọ́kọ́ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ: béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Àjàní. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọn á kàn rẹ́rìn-ín, wọn á sì fi hàn ọ́. Bó bá ti di oṣù kẹta, ojú á tì ọ́, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọgbọ́n orí rẹ túmọ̀ ohun tí kò sí ní orí rẹ.

Bí èmi ṣe túmọ̀ rẹ̀ rèé. Mo rí i pé bí mo bá tan iná mọ́tò nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́, abẹ́rẹ́ á lọ sí òsì. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbéra, á lọ sí ọ̀tún. Mo wá sọ fún ara mi pé ọ̀tún ni rere, òsì ni búburú. Ìyẹn kò burú. Àmọ́ bí mo bá ti rìn díẹ̀, abẹ́rẹ́ á rọra padà sáàárín, á dúró síbẹ̀. Àárín yẹn ló kó ìdààmú bá mi. Mo rò pé bátìrì ti ń kú ni. Mo bá tú u, mo gbé e lọ sí Sẹ̀kọ̀nà, sọ́dọ̀ Bọ̀dá Bùráímọ̀.

O kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ Ìwó ni, ó jù mí lọ tó ọdún méje tàbí mẹ́jọ. Ó ní ṣọ́ọ̀bù onípáànù kan ní ìkòríta níbẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń gba iná sí bátìrì fún àwọn onímọ́tò. Ó tú àwọn ìdérí bátìrì mi, ó ti ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú omi rẹ̀, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó wò ó.

Ó ní, “Jòsáyà, bátìrì yìí kún. Kí lo gbé e wá ṣe?”

Mo ní, “Bọ̀dá, abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà láàárín.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bí o bá dúró sẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí wa, tí o ń ka àwọn tó ń wọlé àti àwọn tó ń jáde, ṣé wàá mọ iye ẹni tó wà nínú?”

Mo ní rárá.

“Ohun tí gééjì yẹn ń ṣe nìyẹn. Iná tó ń wọlé àti iná tó ń jáde ló ń kà. Èyí tó wà nínú kò kàn án. Bí inú bá ti kún, kò sẹ́ni tó ń wọlé mọ́, abẹ́rẹ́ á wá sáàárín.”

Mo mi orí pé ó yé mi. Kò yé mi, Ládiípọ̀. Mo ń ro mọ́ṣáláṣí ni, n kò ro bátìrì. Mo gbé e padà lọ bá a lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta yẹn kò rẹ́rìn-ín mọ́, àmọ́ kò bínú. Ó mú ìṣó, ó fi ha lẹ́tà J sí orí ọ̀dà dúdú tó wà lórí bátìrì náà. Ó ní bátìrì mi ti ń wá sí ṣọ́ọ̀bù òun jù, kó má baà dà pọ̀ mọ́ tẹlòmíràn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ọ̀tún, tí kò padà mọ́. Bí mo bá wakọ̀ dé Ìbàdàn, ọ̀tún ni. Bí mo bá padà sílé, ọ̀tún ni. Inú mi dùn gan-an. Mo sọ fún ìyá rẹ pé mọ́tò ti gbádùn. Gílóòbù iná iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í jó léraléra, mo ní àwọn tó ṣe gílóòbù kò ṣe é dáadáa. Òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde bí òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́. Mo wá eku òkú kiri abẹ́ ìjókòó. Mo fi ọṣẹ fọ mọ́tò náà tinú tòde. Òórùn kò lọ. N kò ronú lẹ́ẹ̀kan pé abẹ́rẹ́ tó ń dùn mọ́ mi nínú ló ń sọ ohun tí òórùn náà ń sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo yí kọ́kọ́rọ́, mọ́tò kò dáhùn. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé: mo gbé bátìrì tó dára lọ síbìkan, mo gbé bátìrì tí kò dára dé. Ẹni kan ló ti pààrọ̀ rẹ̀.

Bí ìbínú àti ìdààmú bá pàdé nínú èèyàn, n kò mọ orúkọ tí à ń pe ohun tí wọ́n bí. Mo gbé bátìrì náà sórí lọ́rì ẹlòmíràn, mo gba Sẹ̀kọ̀nà lọ. Ọjọ́ ọjà ni. Àwọn oníṣu wà níbẹ̀, àwọn awakọ̀, àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ Ifẹ̀. Mo gbé bátìrì kalẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo sì pariwo.

“Bùráímọ̀! Bátìrì mi dà?”

N kò fi Bọ̀dá sí i. Ó gbọ́ pé n kò fi sí i. Ó jáde, ó ń fi àkísà nu ọwọ́.

Ó ní, “Bátìrì rẹ kọ́ nìyí?”

“Ìwọ lo mọ̀ pé kì í ṣe òun. O ti pààrọ̀ rẹ̀. O gbé òkú bátìrì fún mi.”

Ọmọ mi, mo pe ẹni tó jù mí lọ ní “ìwọ” lójú ọjà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka tọ́ J tó fi ìṣó ha. Ó ní, “Wo àmì rẹ.”

Mo ní, “Ta ni kò lè fi ìṣó ha J?”

Kò ṣépè. Kò búra. Ó wọlé, ó gbé bátìrì kan jáde, èyí tó dára jù nínú èyí tó ní, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Gbé e lọ. N kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ. Àmọ́ má yà sọ́dọ̀ mi mọ́, Jòsáyà.” Ó yíjú padà. Mo gbé bátìrì náà, mo ń lọ, inú mi kò sì dùn bí mo ṣe rò pé yóò dùn. Mo ní ohun tí mo béèrè fún lọ́wọ́, n kò sì mọ ìdí tó fi dà bíi pé èmi ni mo jí nǹkan.

Ìmọ̀ràn tó wà nínú èyí: má fi ẹ̀sùn kan èèyàn lórí ohun tí kò tíì yé ọ. Kọ́kọ́ dúró. Sọ ọ́ lẹ́nu pé “n kò mọ̀.” Ó ń dunni lẹ́nu díẹ̀, lẹ́yìn náà ó máa tán.

Bátìrì tí Bọ̀dá Bùráímọ̀ fún mi lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Abẹ́rẹ́ ṣì wà lọ́tùn-ún. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi àti akọ̀wé Alàgbà wà ní oko kan lẹ́yìn Alájùé, à ń wọn kòkó. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Àṣàkẹ́, ìyàwó àgbẹ̀ tó ń jẹ́ Láójò, ń kó kòkó gbígbẹ jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó. A gbọ́ igbe rẹ̀. Ejò ti bù ú ṣán ní ọrùn ẹsẹ̀. Láójò pọ̀n ọ́n sá wá bá wa, ó tẹ́ ẹ sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù lórí àwọn àpò.

Ó ní, “Awakọ̀, jọ̀ọ́, Òṣogbo! Ilé ìwòsàn!”

Mo jókòó, mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó ṣe kẹ́kẹ́kẹ́, ó dákẹ́. Mo tún yí i. Kò sọ nǹkan kan mọ́.

Irin tí a fi ń yí ẹ́ńjìnnì wà nílé. Mo ti yọ ọ́ kúrò nínú mọ́tò, mo ní mọ́tò oníkọ́kọ́rọ́ ni mo ń wà báyìí. Ìyá rẹ ń fi í tẹ orí agbọ̀n adìẹ kó má baà yí.

Láójò fọwọ́ gbá ilẹ̀kùn. “Kí ló dé? Ṣebí mọ́tò yìí náà ló gbé yín wá láàárọ̀?”

Mo ní, “N kò mọ̀.”

“Kí ni o kò mọ̀? Ìwọ kọ́ ni awakọ̀ ni?”

Mo tún ní, “N kò mọ̀.” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo sọ ọ́ látọjọ́ tí mo ti gba mọ́tò náà.

Ọkùnrin mẹ́fà ló tì í. Iyẹ̀pẹ̀ ni ọ̀nà náà, táyà ń rì. Wọ́n tì í gun òkè, ó ń yọ̀ padà, wọ́n tún tì í. Òjìji igi ìrókò kan tó wà níbẹ̀ wà lápá ibì kan nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Ó ti kọjá sí òdìkejì nígbà tí a dé orí òkè tí mọ́tò lè yí sísàlẹ̀. Ní ìdajì gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ni ẹ́ńjìnnì gbéra. N kò dúró fún ẹnikẹ́ni. Mo gba Ẹdẹ kọjá bí ẹni tí wọ́n ń lé, mo ń bẹ̀rù pé bí mo bá tẹ bíréèkì, ẹ́ńjìnnì á kú. Mo sì ń wo abẹ́rẹ́. Ọ̀tún ni ó wà, ọ̀tún pátápátá. Mo ń sọ pé ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ó kéré tán, bátìrì dára.

Àṣàkẹ́ kò kú. Àmọ́ wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún. Nígbà tó di ọjọ́ kejì tí wọ́n gé e, mo padà lọ bá dókítà, mo bi í pé bí a bá dé kíákíá, ṣé ẹsẹ̀ náà ì bá wà. Nọ́ọ̀sì ló túmọ̀ rẹ̀. Dókítà ronú, ó sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì ní, “Wọ́n ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n sì ní ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀.”

Ọmọ mi, ìdáhùn yẹn ni mo ṣì ń gbé kiri. Bí ó bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ǹ bá mọ bí mo ṣe máa sunkún. Bí ó bá sọ pé rárá, ǹ bá sinmi.

Ohun tó tún wá dà mí rú ni pé gbogbo èèyàn ń yìn mí. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Alàgbà Ọ̀jẹ́wálé ní kí n dìde nínú ìjọ, ó ní awakọ̀ òun gba ẹ̀mí là. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Láójò fúnra rẹ̀ ru iṣu wá sílé wa. A jẹ iṣu náà. Ìwọ pàápàá jẹ nínú rẹ̀. N kò mọ bí mo ṣe lè kọ̀ ọ́, n kò sì mọ bí mo ṣe gbé e mì.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo wakọ̀ lọ bá rẹ́wáyà kan, ẹni tó ń tún iná mọ́tò ṣe, ní Òṣogbo. Ó ṣí ìdérí bátìrì, ó fi ìka sí i, ìka rẹ̀ jáde ní gbígbẹ.

Ó ní, “Ta ló ń bójú tó bátìrì yìí?”

Mo ní èmi ni.

Ó ní, “O kò bójú tó o.” Ó wá fi àpótí kékeré kan hàn mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, èyí tí wọ́n ń pè ní kọ́táòtù. Ó ní iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ fún dáínámò, tó ń fún bátìrì ní iná, pé ó tó. Irin inú tiwa ti lẹ̀ mọ́ra, kò lè sọ pé ó tó mọ́. Dáínámò wá ń rọ iná sí bátìrì láìdúró, omi bátìrì ń hó, ó ń gbẹ. Ìyẹn ni òórùn. Ìyẹn ni gílóòbù tó ń jó. Ìyẹn ni ọ̀tún tí inú mi ń dùn sí. Bátìrì méjèèjì, èmi ni mo sè wọ́n títí wọ́n fi kú. Kò sẹ́ni tó pààrọ̀ nǹkan kan.

Mo ti fẹ́ ka àwọn ìmọ̀ràn yìí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àmọ́ n kò mọ ibi tí mo kà á dé mọ́. Jẹ́ kí n kó ti mọ́tò pọ̀ síbí. Nítorí ìwé rẹ, mo lọ bá rẹ́wáyà náà lánàá lórí iná pupa rẹ. Ó ní bí o bá yí kọ́kọ́rọ́ lákọ̀ọ́kọ́, iná náà gbọ́dọ̀ tàn. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbéra, ó gbọ́dọ̀ kú. Bí ó bá tàn nígbà tí o ń lọ, dáínámò kò fún bátìrì ní nǹkan kan, wo bẹ́líìtì rẹ̀. Mo bi í pé bí kò bá tàn rárá ńkọ́? Ó ní ìyẹn lè jẹ́ pé gílóòbù rẹ̀ ló jó, nítorí náà máa wò ó kí o tó gbéra, lójoojúmọ́. Mo tún bi í pé bí iná tó ń wọ bátìrì bá pọ̀ jù, bíi tèmi, ṣé iná pupa á sọ ọ́? Ó ní rárá, kò ní sọ ọ́. Mo ní kí ló wá dé tí wọ́n fi iná rọ́pò abẹ́rẹ́? Ó ní òun náà kò mọ̀. Nítorí náà, ní gbogbo Ọjọ́ Ajé, ṣí àwọn ìdérí bátìrì, wò ó bóyá omi bo àwọn irin inú rẹ̀. Wá rẹ́wáyà tó ní gééjì àfọwọ́mú tó lè wọn agbára bátìrì, jẹ́ kó máa wọ̀n ọ́n fún ọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Fi imú rẹ ṣiṣẹ́. Má sì yọ irin ìyí-ẹ́ńjìnnì kúrò nínú mọ́tò bí wọ́n bá fún ọ.

Mo fẹ́ parí síbẹ̀, ìyá rẹ ní kí n sọ ìyókù.

N kò lọ bẹ Bọ̀dá Bùráímọ̀ kíákíá. Ìtìjú ni. Mo ń sọ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí mo dé Sẹ̀kọ̀nà, ó ti lé ní oṣù méjì, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti dòfo. Wọ́n ní ó ti padà sí Ìwó. Mo wá a lọ síbẹ̀. Mo bá a nínú agboolé wọn, ó ń hun agbọ̀n. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kọ́táòtù, omi tó gbẹ, ẹsẹ̀ Àṣàkẹ́.

Ó gbé agbọ̀n náà sílẹ̀. Ó wá ní, “Ṣé lóòótọ́ ni pé n kò pààrọ̀ rẹ̀?”

Mo ní, “Ẹ kò pààrọ̀ rẹ̀, Bọ̀dá.”

Ó ní, “Lẹ́yìn tí o lọ lọ́jọ́ yẹn, mo kó gbogbo bátìrì inú ṣọ́ọ̀bù jáde, mo ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní bóyá àṣìṣe ni mo ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé tiẹ̀ wá lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń yẹ àmì rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gbé e padà fún un. N kò mọ̀ mọ́ bóyá mo lè gba ara mi gbọ́. Ohun tó lé mi kúrò níbẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe ìbínú.”

Mo sunkún. Mo ní ohunkóhun tó bá ní kí n ṣe, màá ṣe é. Ó ní kí n bá òun lọ sí Sẹ̀kọ̀nà lọ́jọ́ ọjà, kí n sọ ọ́ níbi tí mo ti sọ èyí àkọ́kọ́.

A lọ. Mo dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù tó dòfo yẹn, mo gbé ohùn sókè. Mo ní, “Ẹ̀yin èèyàn, ẹ gbọ́. Bọ̀dá Bùráímọ̀ kò jí bátìrì mi. Èmi ni mo parọ́ mọ́ wọn.”

Àwọn èèyàn wò mí. Obìnrin oníṣu kan ní, “Bátìrì wo?”

Ọkùnrin kan bi ẹnìkejì rẹ̀ pé, “Ṣé wọ́n jí bátìrì níbí rí ni?” Onítọ̀hún ní òun kò gbọ́. Awakọ̀ kan ní òun rò pé Bùráímọ̀ lọ ṣe ìgbéyàwó nílé ni, pé ìgbà wo ló máa ṣí ṣọ́ọ̀bù, bátìrì òun ń yọ òun lẹ́nu.

Mo yíjú sí i. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn. N kò mọ ohun tó wà lójú rẹ̀. Ó jókòó sórí òkúta kan. Ó ní, “Jòsáyà, ọ̀rọ̀ tí ẹnì kankan kò rántí ni mo tìtorí rẹ̀ kó ẹrù mi kúrò níbí.”

Mo jókòó tì í. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí ọjà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tú. Títí dòní, n kò mọ̀ bóyá ire ni mo ṣe fún un lọ́jọ́ yẹn tàbí mo tún ṣe ibi kejì.

Kí Ọlọ́run bá ọ ṣọ́ ọ̀nà, Àjàní, kó sì ṣọ́ ẹnu rẹ. Ìyá rẹ ń kí ọ, ó ń sunkún díẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ní kì í ṣe nítorí rẹ.

Bàbá rẹ,
Jòsáyà.